Orí Kẹfà: Orúkọ Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Pè

Akọ̀wé la ẹnu, ó na ọrùn, ó fi gbogbo agbára ti ohùn síta, ṣùgbọ́n èémí lásán ló jáde. Gbogbo wa tó wà ní pálọ̀ ń wò ó lẹ́nu. Ó tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ bẹ́ǹṣì lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ fún un ní omi gbígbóná sí i," ni ìyá ọkọ mi wí.

"Ó ti mu kẹ́tùlù méjì, Ìyá," ni mo dá wọn lóhùn.

Aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ni ẹjọ́ wa.

Akọ̀wé ni àbúrò ọkọ mi, òun ló sì ń ta géèmù ẹjọ́, èyí tí ìjọba fi rọ́pò kóòtù, fún ilé wa, ilé Aṣípa, láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lánàá, ó lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ní pápá ìlú. Ó kígbe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì gbá góòlù márùn-ún wọlé ẹgbẹ́ tó ń kígbe fún. Ohùn tó yẹ kó fi gbèjà wa lónìí, orí pápá ló fi í sí.

Kí n tètè sọ ọ́ o: Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà, ó dára, ó sì gùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé yìí, mi ò sì gbọdọ̀ pè é. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé lọ́jọ́ kẹta tí mo dé nítorí pé báírò kì í kúrò létí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún gbogbo ọmọ ọkọ, àgbà àti kékeré. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ló ń gbé òjò kiri láyé tiwa yìí, orí òrùlé sì ni wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí, àmọ́ ìyàwó tó bá pe ọmọ ọkọ lórúkọ ṣì máa rí pupa ojú. Ẹnì kan wà nínú agboolé wa tó ṣèèṣì pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ lórí fóònù ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Títí di òní, Apenilórúkọ ni wọ́n ń pè é.

"Ṣé a ò lè sún ẹjọ́ náà síwájú ni?" ni Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi, béèrè láti orí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Akọ̀wé fa síléètì oníná rẹ̀ yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó sì gbé e sókè: *Wọn kì í sún ẹjọ́ mọ́. Nítorí sísún ni wọ́n ṣe ti kóòtù pa.*

"Ṣé o ò lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́?"

*Ohùn ni òfin wí. Ẹni tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ti jẹ̀bi.*

Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n sì yíjú sí ìta. Èmi náà wo ìta. Ìkùukùu Kẹrìnlá wà níbẹ̀, ó dúdú, ó wú, ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń fò sì dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni di aṣọ ìbora mú. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tó ti dúró lórí ògiri tó pààlà láàárín ilé Aṣípa àti ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Òṣìṣẹ́ kan ní Iléeṣẹ́ Òjò ló kọ ìwé ìkùukùu kan ṣoṣo fún agboolé méjì. Láti ìgbà náà, aṣọ tí a sá kò gbẹ, ẹ̀kán omi kan kò sì bọ́ sílẹ̀. Iṣu wa lóko ti ń ká ewé jọ. Agboolé tó bá pàdánù ẹjọ́ òní, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún rí òjò.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n ta nínú ilé yìí?" ni Ìyá béèrè. "Bàbá Ìmísí, ọkọ ìyàwó wa, wà ní oko oòrùn, ó ń fọ gíláàsì tó ń gba iná oòrùn. Èmi ò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹja nínú nǹkan yẹn."

Akọ̀wé wo ilẹ̀. Ó wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké, bí ẹni pé bó bá kéré, kò ní dùn ún: *Ìyàwó mọ̀ ọ́n ta. Ìyàwó ló ń sọ ohun tí màá ṣe fún mi láti èṣí.*

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àwo ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni o. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá fún Akọ̀wé, màá dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá sì rọra sọ pé, "Ọkọ̀ tó wà lápá òsì yẹn, ṣé kò ní dára lẹ́yìn òṣùpá?" Mo ti ń ta á nílé bàbá mi ní Ìlá láti kékeré, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti là. Ẹjọ́ ewúrẹ́, ẹjọ́ ojúde, ẹjọ́ igi máńgòrò, èmi ni mo jàre gbogbo wọn láti ẹ̀yìn àga. Wọ́n ti pa adìyẹ fún Akọ̀wé nítorí wọn. Èmi ni mo sè é.

"Ọdún mélòó lo ti lò nílé yìí?" ni Bàbá bi mí.

"Ọdún mẹ́rin, sà."

"Ọdún mẹ́ta lòfin ní kí ìyàwó lò kó tó jókòó sí ẹjọ́. Ìyàwó wa, jókòó."

Mo gbé àwo sílẹ̀, mo nu ọwọ́, mo sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ilé. Ó wà lórí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun tí Ìyá fi òwú híhun ṣe ní etí, òǹtẹ̀ pupa ìjọba sì wà lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn. Ohùn Onídàájọ́ jáde, ohùn tí kì í dùn, tí kì í bínú.

"Ẹ káàbọ̀, ilé Aṣípa. Ẹjọ́ Ìkùukùu Kẹrìnlá. Ẹ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ ojú ọ̀run yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Bàbá ló fi orúkọ sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ náà ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, orúkọ àwọn ọmọ ilé ni wọ́n sì lò láti orí dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ méje, ọmọ ọkọ méje. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, bíi pé èmi ni mo ń pè wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, Onídàájọ́," ni mo wí, "mi ò lè pe àwọn orúkọ yẹn."

"Ṣé ẹ fẹ́ fi orúkọ àpèlé pè wọ́n? Òfin fàyè gbà á."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Mo na ìka sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Ẹyínfúnjowó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Agùntáṣọọ́lò, Adúmáadán, Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ. Onídàájọ́ gba gbogbo wọn. Ó wá ku ẹ̀kẹjọ, ọkọ̀ àgbà, tó tóbi tó àwọn méje yòókù lápapọ̀. Orúkọ Bàbá fúnra wọn ló wà lára ìyẹn.

"Ọkọ̀ àgbà kò gba àpèlé," ni Onídàájọ́ wí. "Orúkọ inú ìwé nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n má baà jí i gbé."

"Kò burú," ni mo wí. Lọ́kàn mi, mo ní mi ò ní nílò rẹ̀. Akọ̀wé kò lò ó rí, ó sì ń jàre.

Aago mẹ́rin lù. Ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ níwájú mi, dúdú, ìràwọ̀ kún inú rẹ̀. Ìràwọ̀ ńlá kan tó pọ́n bí epo wà láàárín gbùngbùn. Àgbékalẹ̀ géèmù náà kò le: kí o wa irin lára àwọn àpáta tó ń léfòó, kí o fi rọ ohun ìjà fún àwọn ọkọ̀ rẹ, kí o sì gba ìràwọ̀ àárín. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà nídìí ìràwọ̀ náà nígbà tí wákàtí kan bá pé ló jàre. Kò sí ìdádúró, kò sí ìsinmi. Òfin sì ní kí àwọn méjèèjì tó ń jà máa gbọ́ ohùn ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ṣe òun ní màkàrúrù.

Nítorí náà, mo gbọ́ ohùn ẹni tó jókòó fún ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ohùn àgbà ni, ó sì mọ́ gaara. Ìyá Ṣemilóore ni. Ọmọ bíbí ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ti padà sílé bàbá wọn láti máa bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè wọ́n sí.

Kí ni kí n ṣe? Àgbà ni wọ́n. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Háà! Ṣé ìyàwó ilé Aṣípa nìyẹn? Ẹ kú ilé o. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, mà."

"Ìmísí, àbí? Adérójú, kọrí sí àpáta. Ṣé ó ti ń rìn?"

"Ó ti ń sáré, mà."

"A dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Gbádébọ̀, tẹ̀ lé Adérójú. Ṣé ara wọn le lóko oòrùn?"

"Ara wọn le, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Màmá rẹ ní Ìlá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn ńkọ́? Àrẹ̀mú, wa irin. Àbúrò rẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìkùukùu ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbà á?"

Lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ wọn mẹ́ta ti ń kó irin, tèmi ṣì wà lójú kan bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Akọ̀wé gbé síléètì sókè tìbínútìbínú: *DÁ A LÓHÙN KÚKÚRÚ!*

Ìyá gbá síléètì náà wálẹ̀. "Ta ló ń dá àgbà lóhùn kúkúrú? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé a ò kọ́ ìyàwó wa ni?"

Àṣé bí Ìyá Ṣemilóore ṣe ń jàre gbogbo ẹjọ́ wọn rèé. Ìkíni ni wọ́n fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ báyìí, ẹsẹ̀ mi ti kú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi. Inú bí mi. Mo wá rò ó pé, bí àgbà bá lè dá ìkíni pọ̀ mọ́ àṣẹ, ọmọdé náà lè fi ìdáhùn ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Màmá wà dáadáa, mà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, bọ́ sẹ́yìn òṣùpá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ìbàdíàrán, Ẹyínfúnjowó, ẹ lọ kó irin. Wọ́n ń béèrè yín."

"Ta ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?" ni Ìyá Ṣemilóore béèrè. "Onídàájọ́! Kò sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú ìwé tí ẹ fún mi!"

"Orúkọ àpèlé ni," ni Onídàájọ́ wí. "Òfin fàyè gbà á."

Mo padà sórí àga. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ yé yín: agboolé méjèèjì ló ní ìwé ọkọ̀ ara wọn, tó fi hàn pé ọkọ̀ lágbájá ni ajagun, ọkọ̀ tàmẹ̀dù sì ni akóirin. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn jọra. Orúkọ nìkan ni ọ̀tá fi ń mọ ohun tó ń bọ̀, orúkọ tí mo sì ń pè, èmi nìkan ló mọ ẹni tó ni ín.

"Agùntáṣọọ́lò," ni mo wí, "gba apá òsì lọ."

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìyá Ṣemilóore wí. "Èmi náà ti jẹ́ ìyàwó ilé rí. Mo ti sọ ọmọ ọkọ lórúkọ rí. Agùntáṣọọ́lò, ìyẹn ẹni tó ga. Ta ló ga nílé Aṣípa? Àkọ́bí wọn ni. Àkọ́bí wọn ló sì ni ọkọ̀ ajagun." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbádébọ̀, Àrẹ̀mú, Adérójú, gbogbo yín, ẹ dènà dè é lápá òsì!"

Mo fi etí ìró bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kejì ni mo sọ ní Agùntáṣọọ́lò, kò sì ga ju èjìká mi lọ. Ṣé ẹni tó ga ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ń wù ú kó ga ni. Ọkọ̀ akóirin ni tirẹ̀. Ó rọra ń fà lọ lápá òsì, ọkọ̀ ogun mẹ́fà sì lọ ba dè é. Lápá ọ̀tún, Adúmáadán àti àwọn mẹ́ta mìíràn rìn wọ ìdí ìràwọ̀ àárín láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Bí ẹ ṣe ń parọ́ fún gbogbo wa nìyẹn?"

"Ẹ̀yẹ ni, Bàbá," ni Ìyá dáhùn fún mi. "Kì í ṣe irọ́."

Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ọkàn mi ti balẹ̀ jù. Mo ti ń ro irú ọbẹ̀ tí wọ́n máa sè fún mi.

Ìyá Ṣemilóore wá tú ọkọ̀ àgbà tiwọn sílẹ̀. Orúkọ ara wọn ni wọ́n fún un, wọ́n sì ń pè é láìtijú.

"Ọládùnńkẹ́, jáde! Ọládùnńkẹ́, lọ bá wọn! Ọládùnńkẹ́, fọ́ wọn!"

Ó jáde, ó tóbi bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Adúmáadán fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹyínfúnjowó fọ́. Ìbàdíàrán gbìyànjú, mo kígbe mọ́ ọn pé kó sá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méje, yàtọ̀ sí Agùntáṣọọ́lò tí wọ́n ká mọ́ lápá òsì, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó tín-ín-rín lẹ́yìn òṣùpá. Ọládùnńkẹ́ jókòó gbẹ̀dẹ̀múkẹ́ sídìí ìràwọ̀ àárín.

Akọ̀wé kọ ọ́ kíákíá: *Ọkọ̀ àgbà!* Ó wò mí lójú, ó tún fi ọwọ́ pa á rẹ́.

"Onídàájọ́," ni Bàbá wí, "èmi ni mo ni orúkọ náà. Jẹ́ kí n pè é fúnra mi."

"Ohùn ẹni tó jókòó nìkan."

"Ìyàwó ò lè pè é," ni Ìyá wí. "Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti wà nílé yìí, mi ò pè é rí. Kò sí ìyàwó tó pè é rí."

Láti òdìkejì, Ìyá Ṣemilóore gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Pè é ká gbọ́, ìyàwó! Èmi ò ní wí fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ṣáà pe bàbá ọkọ rẹ lórúkọ, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, a ó jọ gbọ́ ọ lọ́jà."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni ìyàwó tó gba òjò lọ́wọ́ ilé Aṣípa, iṣu á kú, ọmọ mi á sì gbọ́ ọ nígbà tó bá dàgbà. Bí mo bá pè é, mo mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ èmi náà. Mo rọ́jú, mo ṣí ẹnu. Ohunkóhun kò jáde. Èmi àti Akọ̀wé di ọ̀kan náà.

Bàbá dìde lórí àga wọn. Wọ́n rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Ìyá Ìmísí, ṣé o mọ ìdí tí mo fi kọ orúkọ mi sára ọkọ̀ yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyá mi ti kú. Àwọn ló pè mí lórúkọ kẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ tán. Àwọn tá a jọ dàgbà ń pè mí ní Alága. Níbí, Bàbá ni, Bàbá ni, Bàbá ni. Bí mo bá dá wà, mo máa ń fẹ́ gbọ́ ọ. Mo wá ní, ó dáa, nínú ẹjọ́, lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé á kígbe rẹ̀." Wọ́n wo Akọ̀wé. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sí fèrèsé yẹn ní gbogbo ẹjọ́. Kò pè é rí. Mo rò pé ọgbọ́n ogun ni."

Akọ̀wé kọ ọ́: *Ọmọ wo ló máa pe bàbá rẹ̀ lórúkọ?*

Ẹ wo ohun tí a fi ọdún mẹ́fà ṣe. A ní ọkọ̀ tó tóbi jù ládùúgbò, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tó lè ṣí i.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni Onídàájọ́ wí.

Ìyá ń wo ojú ọkọ wọn bíi pé wọn ò rí i rí. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mí léjìká.

"Kúnlẹ̀ kí o tó pè é," ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo di ojú. Mo pè é.

Ẹ má retí pé mo máa kọ ọ́ síbí o.

"Ohùn kò dé," ni Onídàájọ́ wí. "Ẹ tún un pè."

Mo fa èémí débi tó lè dé, mo sì fi igbe ta. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó kọjá ògiri, adìyẹ sá ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ó tó tán lẹ́nu mi, Bàbá ti dáhùn.

"Èéé! Mo ń bọ̀ o!"

Wọ́n dáhùn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè wá jẹun láti pápá. Ojú ti gbogbo wa díẹ̀, inú wa sì dùn.

"Ohùn ẹlòmíràn wọlé," ni Onídàájọ́ wí. "Ìkìlọ̀ kìíní."

Ilẹ̀kùn ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ àgbà wa jáde, ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ń kó ohun ìjà sí i nínú tí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Kò fi bẹ́ẹ̀ yá lẹ́sẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ àṣẹ tuntun, àṣẹ kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ orúkọ. Mo ń pè é, mo ń bẹ̀bẹ̀. "..., ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sápá ọ̀tún, sà. ..., ẹ má bínú, ẹ lọ síwájú díẹ̀, sà. ..., ẹ dákun, ẹ yìnbọn fún wọn, sà."

"Ẹ sọ àṣẹ ní ṣókí," ni Onídàájọ́ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ ọ́ ní ṣókí."

Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu wọn kí wọ́n má baà tún dáhùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ni èjìká wọn ń mì. Ọládùnńkẹ́ yí padà láti jà, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó yẹ kó gbè é ṣì wà lápá òsì lọ́hùn-ún, wọ́n ń ṣọ́ Agùntáṣọọ́lò àti irin rẹ̀. Ó gba ìbọn mẹ́ta, ó sì tú ká. Mo ní kí bàbá ọkọ mi jókòó sídìí ìràwọ̀ àárín, ẹ jọ̀ọ́, sà. Wọ́n jókòó. Aago márùn-ún lù.

"Ilé Aṣípa jàre," ni Onídàájọ́ wí.

"Ìgbà mọ́kànlá!" ni Ìyá Ṣemilóore ń pariwo láti òdìkejì. "Ìgbà mọ́kànlá ló pè é! Mo kà á!" Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn rọ̀. "Ìyàwó, o gbìyànjú. Kí màmá rẹ ní Ìlá fún mi o. Tí òjò yẹn bá ń rọ̀, ẹ má ti ìkùukùu jìnnà jù, kí ó lè ta díẹ̀ sí wa lára."

"Wọ́n á gbọ́, mà. A ò ní tì í jìnnà."

Níta, àwọn ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kùn hùn-ùn, Ìkùukùu Kẹrìnlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wá sórí òrùlé wa. Gbogbo ìyàwó agboolé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ti gbọ́ igbe mi. Apenilórúkọ ló ṣíwájú wọn. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

"Ọdún mọ́kànlá," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi sì pè. Ìyàwó, káàbọ̀. Láti òní lọ, Ìyá Dáre ni orúkọ mi."

Òjò dé kí n tó rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Gbogbo ilé tú síta pẹ̀lú korobá àti ìkòkò. Akọ̀wé la ẹnu sókè, ó ń fi òjò tutù fọ ọ̀fun tó ń dùn ún, kò sì sí ẹni tó ráyè bá a wí. Mo gbé báàfù ńlá, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí omi òrùlé máa ń ya sí. Ojú fèrèsé yàrá Bàbá àti Ìyá ni mo gbà kọjá. Kì í ṣe pé mo lúgọ o, báàfù ló wúwo, mo sì dúró láti gbé e dáadáa.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá nínú ilé. Wọ́n pe orúkọ náà. Wọ́n rọra pè é, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò.

"Èéé," ni Bàbá dáhùn. "Tún un pè."